Afẹ́fẹ́ Ló Ń Sọ Ààtàn Di Ajílẹ̀

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá hù lẹ́bàá ààtàn kì í jọ ti orí ilẹ̀ lásán. Igi rẹ̀ á sanra, ewé rẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀, ọmọ rẹ̀ á wúwo débi tí wọ́n á fi igi tì í kó má baà wó. Tẹ̀tẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbìn á hù síbẹ̀, tòmátì á hù, ẹ̀gúsí á nà kiri. Kò sí ọmọ Èkìtì tó gbé abúlé rí tí kò mọ èyí. Èèpo iṣu, háríhá, eérú ààrò, ìdọ̀tí tí wọ́n gbá láàárọ̀, ìgbẹ́ adìyẹ, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń lọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jẹrà di ilẹ̀ dúdú tí à ń pè ní ajílẹ̀.

Ààtàn òde òní ti yàtọ̀. Ọ̀rá piọ́ wọ́tà wà nínú rẹ̀, bátìrì tọ́ọ̀ṣì wà nínú rẹ̀, ìgò fífọ́ àti ìlédìí ọmọ wà nínú rẹ̀, èèpo iṣu wá há sí àárín wọn. Ọ̀rá á bo èèpo mọ́lẹ̀, omi ò ní ráyè jò, afẹ́fẹ́ ò ní ráyè wọlé. Ibẹ̀ ni gbogbo aburú rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Oríṣi ẹ̀dá tín-ín-tìn-ìn-tín méjì ló ń jẹ ohun tó ń jẹrà. Àwọn kan nílò afẹ́fẹ́ bí àwa náà ṣe nílò rẹ̀. Bí wọ́n bá ń jẹun, ooru ló ń jáde, ohun tí wọ́n sì ń fi sílẹ̀ ni ilẹ̀ dúdú tó ń rùn bí inú igbó lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Àwọn kejì kì í fẹ́ afẹ́fẹ́. Àwọn ló ń ṣiṣẹ́ nínú ààtàn tó ki pọ̀, àwọn ló sì ń pèsè gáàsì mítéènì. Mítéènì fúnra rẹ̀ kò ní òórùn. Àwọn gáàsì mìíràn tó bá a rìn ló ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n òun gan-an ló burú jù fún ojú ọjọ́: bí a bá ṣírò rẹ̀ lórí 100 ọdún, agbára tó fi ń há ooru mọ́ ayé jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 28 ti kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì. Nínú ohun tí àwọn ìdílé ń dà nù ní Nàìjíríà, ohun tó lè jẹrà ló sì ju ìdajì lọ. Ẹni tó bá yọ ìdajì yẹn kúrò nínú ohun tí ọkọ̀ akólẹ̀ ń gbé, tó sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kàn án níbi tó ń jẹrà sí, ti dí orísun mítéènì kan pa nínú ilé tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dáná sun tiwọn. Èéfín ewé tútù tó pọ̀ mọ́ ọ̀rá kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni, ọmọdé pàápàá, ohun tí ilẹ̀ ì bá sì jẹ ti bá èéfín lọ. Àwọn mìíràn ń dúró de òjò kí wọ́n tó da tiwọn sí gọ́tà. Bí omi bá ti ń wọ́ bọ̀ láti orí òkè tó yí Adó-Èkìtì ká, gbogbo rẹ̀ á gba gọ́tà lọ sínú odò Ureje, èyí tí kò bá lè lọ á dí ojú gọ́tà, omi á sì yà wọ ilé onílé.

Ohun gbígbẹ, ohun tútù

Ohun méjì ló ń wọ inú òkìtì ajílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ohun gbígbẹ: ewé tó wọ́, háríhá, pòròpórò, ṣùkù àgbàdo tí a fọ́ wẹ́wẹ́, èèpo ẹ̀pà, koríko gbígbẹ, páálí tí a fà ya, ìyẹ̀ pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Kábọ́ọ̀nù ló pọ̀ nínú wọn, òun sì ni oúnjẹ tó ń fún àwọn ẹ̀dá kékeré yẹn lágbára. Ìkejì ni ohun tútù: èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, igi ẹ̀fọ́ àti ti ewédú, èèrí ògì, èèpo ẹ̀wà, koríko tútù, ìgbẹ́ adìyẹ àti ti ewúrẹ́. Náítírójìn ló wà nínú wọn, òun ni wọ́n fi ń kọ́ ara. Ìwọ̀n tó bá wọn lára mu ni kábọ́ọ̀nù 25 sí 30 fún náítírójìn 1.

A kì í gbé òṣùwọ̀n sẹ́yìn ilé. Garawa la fi ń wọ̀n ọ́n: garawa ohun gbígbẹ méjì sí mẹ́ta fún garawa ohun tútù kan. Bó bá jẹ́ ìgbẹ́ adìyẹ nìkan lẹ ní, ẹ jẹ́ kí ohun gbígbẹ tó garawa mẹ́rin tàbí márùn-ún fún ọ̀kan, nítorí náítírójìn inú rẹ̀ pọ̀ púpọ̀. Ìyẹ̀ pákó wà ní ìkángun kejì. Kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ lè tó 400 fún náítírójìn 1, bó bá sì pọ̀ jù, òkìtì á jókòó bí òkúta fún oṣù mẹ́fà. Ẹ má jẹ́ kó ju ìdá kan nínú mẹ́rin ohun gbígbẹ yín lọ. Èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀ tí òjò ti pa, tó ti ṣú, ló dára jù.

Ohun kan wà tó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Kì í ṣe àwọ̀ là ń wò. Ewé tí a gé ní tútù tí a wá sá gbẹ ṣì jẹ́ ohun tútù nínú ìṣirò yìí, bọ̀tọ̀ màlúù tó ti gbẹ bákan náà. Ṣùgbọ́n ewé tó wọ́ fúnra rẹ̀, igi ti fa èyí tó dára jù nínú rẹ̀ padà kó tó jù ú sílẹ̀. Òun ni ohun gbígbẹ tòótọ́.

Ilẹ̀ wa ò tálákà ohun tútù. Ewé Akíntọ́lá tó gba gbogbo ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀, àti jogbo olódòdó yẹ́lò tó tò sí ẹ̀gbẹ́ títì láti Adó dé Ìfàkì, àwọn méjèèjì ní náítírójìn àti pọ́táṣíọ̀mù tó pọ̀. Ẹ gé wọn kí wọ́n tó so, kẹ́ ẹ má baà gbin èso wọn sínú ọgbà yín. Ẹ fi àdá gé wọn sí bí ìka mẹ́ta-mẹ́ta. Ohun tí a gé kéékèèké, ojú tí wọ́n ti máa jẹ ẹ́ á pọ̀, á sì yá.

Èèpo iṣu, tí àwa ń pè ní usu, ò ṣọ̀wọ́n nílé tí wọ́n ti ń gúnyán. Ẹni tó bá ní ewúrẹ́, kó fún ewúrẹ́ kọ́kọ́. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ lórí òkìtì sàn ju èèpo náà lọ. Èyí tó bá ń lọ sínú òkìtì, ẹ ti í sí àárín gbùngbùn, nítorí orí iṣu tó bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ á hù, bí aràn iṣu bá sì wà lára èèpo, àárín níbi tó gbóná ló ti máa kú. Èèpo ẹ̀gẹ́ láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe gaàrí, ẹ sá a fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó wọlé. Ó ní májèlé sáyánáìdì nínú ní tútù, ó sì máa ń lẹ̀ pọ̀ bí amọ̀; ìpele rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Omi tí wọ́n fún jáde lára ẹ̀gẹ́ kò gbọdọ̀ dé orí òkìtì rárá.

Ní agbègbè Ìsẹ̀ àti Ẹmùré níbi tí kòkó wà, èèpo kòkó tó ń jẹrà lóko jẹ́ ọrọ̀ tí a gbàgbé. Pọ́táṣíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, torí odindi rẹ̀ ń gba omi òjò dúró fún ẹ̀fọn. Bí àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú bá ti bá a jà, ẹ má ṣe dá ajílẹ̀ rẹ̀ padà sídìí kòkó bí kò bá jẹ́ pé òkìtì náà gbóná dáadáa. Ẹ lò ó fún àgbàdo tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èèpo ìrẹsì tó kún Ìgbẹ́mọ̀ kì í tètè jẹrà, ṣùgbọ́n ó dára láti fi la afẹ́fẹ́ sínú òkìtì tó bá fẹ́ di pọ̀.

Ẹ má fi ẹran, ẹja, egungun, òróró, ìgbẹ́ ajá àti ti ológbò sínú rẹ̀. Ẹ má fi eérú tó pọ̀ sí i. Ẹ̀kúnwọ́ kan fún ìpele kan tó, nítorí eérú ń lé náítírójìn jáde sínú afẹ́fẹ́. Gbòǹgbò ẹ̀kan, ẹ sá a lórí kọnkéré títí tí á fi gbẹ pátápátá kí ẹ tó dà á sí i. Ògùṣọ̀ tí òróró ṣì wà lára rẹ̀, ẹ fi dáná.

Bí a ṣe ń tò ó

Ibi tí omi kì í dúró sí ni kẹ́ ẹ wá, kó ní ìbòòji díẹ̀, kó jìnnà sí kànga ní mítà 15 ó kéré tán, kó sì má fara kan ògiri ilé. Bí ẹ̀yìnkùlé yín bá dagẹ̀rẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wa ní Èkìtì, ẹ jẹ́ kó wà nísàlẹ̀ kànga, kì í ṣe lókè rẹ̀.

Òkìtì tó máa gbóná kò gbọdọ̀ kéré sí mítà kan ní gígùn, mítà kan ní ìbú, mítà kan ní gíga. Bó bá kéré sí i, ooru inú rẹ̀ á ti sá lọ kó tó pọ̀. Bó bá ga ju mítà kan ààbọ̀ lọ, ìwúwo rẹ̀ á tẹ ìsàlẹ̀ pa, afẹ́fẹ́ ò ní wọ ibẹ̀ mọ́. Ọparun mẹ́rin àti imọ̀ ọ̀pẹ tí a hun tó láti fi ṣe ọgbà yí i ká; búlọ́ọ̀kù tí a tò láìlo sìmẹ́ńtì, tí a fi àlàfo sílẹ̀ láàárín wọn, pẹ́ jù ú lọ.

Ẹ tẹ́ igi wẹ́wẹ́ àti pòròpórò sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15. Èyí ni ẹnu tí òkìtì fi ń mí láti ìsàlẹ̀, ẹ má fò ó. Ẹ da ohun gbígbẹ lé e ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kí ẹ da ohun tútù lé e ní 5 sí 8, kí ẹ wá fọ́n ìgbẹ́ adìyẹ sí i ní 2 sí 3. Ẹ bu ilẹ̀ oko ẹ̀kúnwọ́ méjì sí i, nítorí àwọn ẹ̀dá tí a nílò ti wà nínú rẹ̀. Ẹ bu omi nǹkan bí lítà 10 wọ́n ìpele náà. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun gbígbẹ, títí òkìtì á fi tó mítà kan, kí ẹ wá fi ohun gbígbẹ bò ó lókè. Bí ẹ ṣe ń tò ó, ẹ na ọparun méjì ró sí àárín rẹ̀. Nígbà tó bá parí, ẹ fà wọ́n yọ, ihò afẹ́fẹ́ ni wọ́n á fi sílẹ̀.

Títò ní ìpele-ìpele báyìí kì í ṣe àrà tuntun. Ní Indore ní Íńdíà, láàárín 1924 àti 1931, onímọ̀ ọ̀gbìn kan tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Albert Howard, gbé ohun tí àwọn àgbẹ̀ Éṣíà ti ń ṣe tipẹ́ yẹ̀ wò, ó fi ìwọ̀n àti àkókò sí i: ewéko, ìgbẹ́ ẹran, ilẹ̀ àti eérú, tí wọ́n ń tò tí wọ́n sì ń yí.

Omi ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi í. Ẹ ki ọwọ́ bọ òkìtì dé ìgbọ̀nwọ́, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti inú lọ́hùn-ún, ẹ fún un bí ẹni ń fún aṣọ. Bí omi bá kán ẹyọ kan tàbí méjì láàárín ìka yín, ó ti tó. Bó bá ṣàn gba ọrùn ọwọ́ wálẹ̀, ó ti pọ̀ jù. Omi ti gba ààyè afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá ṣí àtẹ́lẹwọ́ tó sì tú ká bíi gaàrí, ẹ bomi sí i. Ìdánwò yìí ò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ, òun sì ni kẹ́ ẹ máa ṣe ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá dé ìdí òkìtì.

Ní ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, ó yẹ kó ti gbóná. Ẹ ki irin gígùn kan bọ àárín rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Bí ẹ bá fà á yọ tí ẹ ò lè di ìdí rẹ̀ mú, ooru rẹ̀ ti ń lọ sí 55°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín 55 sí 65 ni èso koríko, ẹyin aràn àti ọ̀pọ̀ àrùn ti ń kú. Bó bá kọjá 70, àwọn ẹ̀dá tó ń ṣiṣẹ́ fún wa náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ tú u, ẹ bomi sí i díẹ̀.

Láàárín ọjọ́ 7 sí 10, ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í lọlẹ̀. Kì í ṣe pé oúnjẹ ti tán, afẹ́fẹ́ ló tán. Ẹ mú fọ́ọ̀kì tàbí ṣọ́bìrì, ẹ yí i: èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á wọ àárín, èyí tó wà láàárín á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá tú u lówùúrọ̀ kùtùkùtù, ooru á rú sókè bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìkòkò ògì tó ń hó. Ẹ ó rí ohun funfun fúlẹ́fúlẹ́ bí òwú aláǹtakùn tó wé mọ́ háríhá. Lára àwọn ẹ̀dá kékeré yẹn ni, àwọn ló ń fọ́ ohun líle. Háríhá tó ń dún gbarẹgbarẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá á ti rọ̀, á ti pọ́n bí àmàlà, ẹ ó sì fi ìka méjì fà á já. Ẹ yí i bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí gbogbo ara rẹ̀ lè gba àárín kọjá. Bó bá ti pé ọ̀sẹ̀ 10 sí 14 tí kò gbóná mọ́ lẹ́yìn tí a yí i, ẹ bò ó, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin mìíràn. Ekòló á gorí wá fúnra wọn nígbà yẹn. Òkìtì á ti wálẹ̀ dé ìdajì tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó jí i.

Ẹ fi aṣọ bo imú nígbà tẹ́ ẹ bá ń yí èyí tó gbẹ, eruku rẹ̀ kò dára láti fà símú. Ẹ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Òjò àti ọyẹ́

Láti oṣù kẹrin dé ìkẹwàá, òjò ni ọ̀tá òkìtì ní Èkìtì. Orí ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ tò ó sí, ẹ má gbẹ́ kòtò rárá, torí kòtò á di kànga. Ẹ la ojú omi yí i ká. Ẹ ṣe orí rẹ̀ sóńsó, kì í ṣe pẹrẹsẹ, kí ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí tapólì bo orí rẹ̀ nìkan. Ẹni tó bá fi tapólì wé e láti òkè délẹ̀ ti pa á.

Nígbà ọyẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ á fa omi inú rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Kòtò tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 50 sí 60 wúlò nígbà náà, nítorí ilẹ̀ á dá omi dúró fún un. Ẹ fi fún-un-wò ọwọ́ dán an wò ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì àti èyí tí a fi fọ ẹ̀fọ́ tó. Kò dìgbà tí a bá da omi mímu sí i.

Ẹni tí kò ní ẹ̀yìnkùlé

Ike ńlá lítà 25 méjì tàbí dúrọ́ọ̀mù ike lítà 200 kan á ṣe é. Ẹ fi irin gbígbóná lu ihò tó fẹ̀ tó ìka ìfábẹ̀lá sí ara rẹ̀ yíká ní sẹ̀ǹtímítà 10 síra, kí ẹ lu mẹ́fà sí ìdí. Ẹ gbé e lé búlọ́ọ̀kù méjì, ẹ gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ́ páálí yíya sísàlẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá da èèpo sí i, ẹ fi ohun gbígbẹ ìlọ́po méjì rẹ̀ bò ó lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé àpò ewé gbígbẹ tì í kó má di pé ẹ ń wá a. Ẹ fi igi rò ó lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Nígbà tí ti àkọ́kọ́ bá kún, ẹ bẹ̀rẹ̀ èkejì, kí àkọ́kọ́ máa jẹrà lọ.

Ike kékeré kì í gbóná tó òkìtì, nítorí náà ẹ má fi koríko tó ti so tàbí ewé tó ní àrùn sí i. Oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ló ń gbà. Ayálégbé tó bá bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, tó sì bò ó dáadáa, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ òórùn rẹ̀.

Bó bá ṣẹ̀ lọ́wọ́ yín

Imú ló ń kọ́kọ́ sọ. Bó bá ń rùn bí ilé ìtọ̀, tó ń ta yín lójú, náítírójìn ló pọ̀ jù. Ìgbẹ́ adìyẹ tàbí koríko tútù ti ju ohun gbígbẹ lọ, èyí tó yẹ kó wọ ilẹ̀ ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ tú u, ẹ po ewé gbígbẹ tàbí páálí mọ́ ọn. Bó bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, omi ti dí afẹ́fẹ́. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ ká fún ọ̀sán kan, ẹ fi háríhá àti igi wẹ́wẹ́ tún un tò. Ohun tó ń rùn yìí ni ọ̀pọ̀ ń rò pé ajílẹ̀ jẹ́. Ajílẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ kì í rùn.

Òkìtì tó kọ̀ tí kò gbóná, ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ wò: ṣé ó tó mítà kan, ṣé omi wà nínú rẹ̀, ṣé ohun tútù tó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìgbẹ́ adìyẹ garawa kan tí a pò mọ́ ọn nígbà tí a ń yí i á jí i dìde láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Bí èèrà tàbí ìkán bá kọ́lé síbẹ̀, gbígbẹ ló gbẹ. Ẹ bomi sí i, ẹ yí i. Wọn ò ní dúró. Bí àárín rẹ̀ bá funfun bí ẹni wọ́n eérú sí i, tó fúyẹ́, òun náà gbẹ ni, ooru ló gbẹ ẹ́. Idin pọ̀ lójú rẹ̀? Oúnjẹ wà lórí tí a ò bò. Ẹ fi ohun gbígbẹ sẹ̀ǹtímítà 10 bò ó. Idin tó fẹ̀ pẹrẹsẹ, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú tó sì ń jẹun bí ẹni tí ebi ń lé, ọmọ kòkòrò dúdú kan tó gùn tó sì jọ agbọ́n ni. Kì í ṣe ti eṣinṣin ilé, kò léwu. Adìyẹ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Eku ní tirẹ̀ kì í wá nítorí ewé. Ẹran, ẹja tàbí ọbẹ̀ ló pè é, ẹ wádìí ẹni tó ń da àjẹkù síbẹ̀ nínú ilé.

Ó ti tó tàbí kò tíì tó?

Ajílẹ̀ tó ti jinná dúdú, ó ń wó lọ́wọ́, ẹ ò ní dá èèpo iṣu mọ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ tó tutù díẹ̀ sínú ọ̀rá, ẹ dì í, ẹ gbé e síbi ìbòòji fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹ bá tú u tó rùn, kò tíì jinná. Ìdánwò kejì ni kẹ́ ẹ gbin èso àgbàdo 10 sínú rẹ̀, kí ẹ gbin 10 mìíràn sínú ilẹ̀ ọgbà. Bí tinú ajílẹ̀ bá hù tó tinú ilẹ̀, ẹ lè lò ó. Ẹ má fi ewédú dán an wò; èso ewédú le, kì í fẹ́ hù bí a kò bá kọ́kọ́ rì í sínú omi gbígbóná, ẹ ó kàn máa bínú sí ajílẹ̀ lásán.

Ìdí tí a fi ń dán an wò ni pé èyí tí kò jinná ṣì ń wá náítírójìn. Bó bá wọ ilẹ̀, á gba ti ẹ̀fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ewé á máa pọ́n, ẹni tó gbìn ín á sì rò pé kò fi ajílẹ̀ sí i tó, á tún dà sí i.

Fún ẹbè ẹ̀fọ́, kílò 2 sí 3 fún mítà kan níbùú lóròó ti tó. Ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ òkè ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú gbígbìn. Fún ilẹ̀ tí a fi ń tọ́ ọmọ tòmátì tàbí ti ata, ajílẹ̀ kan sí ilẹ̀ méjì. Ihò ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lè gba kílò 10. Bó bá jẹ́ ẹ̀fọ́ tí a ń jẹ ní tútù, ẹ má fi èyí tí ìgbẹ́ adìyẹ wà nínú rẹ̀ sí i bí kò bá tíì jinná tán.

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ nípa agbára rẹ̀. Àpò fatiláísà 15-15-15 kan tó jẹ́ kílò 50 ní kílò 7.5 náítírójìn nínú. Náítírójìn inú kílò 50 ajílẹ̀ ilé kò ní ju nǹkan bí ààbọ̀ kílò sí kílò kan lọ, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń tú u sílẹ̀. Ẹni tó ń gbin éékà àgbàdo kò lè gbójú lé òkìtì ẹ̀yìnkùlé nìkan. Ṣùgbọ́n ohun tí ajílẹ̀ ń ṣe, fatiláísà kò lè ṣe é. Ilẹ̀ wa tó wà lẹ́bàá òkè olókùúta ní yanrìn púpọ̀, òjò á rọ̀, fatiláísà á sì bá omi lọ sódò. Ajílẹ̀ ń so ilẹ̀ pọ̀, ó ń gba omi dúró kó tó ṣàn lọ, ó ń di oúnjẹ mú de gbòǹgbò. Ẹbè tó bá jẹ ajílẹ̀ lọ́dún méjì léra, ẹ ó rí i lákòókò ìsinmi òjò oṣù kẹjọ: ẹ̀fọ́ tó wà lórí rẹ̀ ò ní tètè rọ bíi ti ẹbè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kí ẹ tó lò ó, ẹ fi asẹ́ olójú sẹ̀ǹtímítà kan sẹ́ ẹ. Èyí tó bá jò, ẹ kó o sínú àpò tó lè mí, ẹ gbé e síbi tí òjò ò ti ní bà á. Ṣùkù àgbàdo, igi àti èèpo tó bá kù lójú asẹ́, ẹ dà wọ́n sí ìsàlẹ̀ òkìtì tuntun. Wọ́n ti kún fún àwọn ẹ̀dá tó máa jẹ́ kí òmíràn tètè gbóná.